Ogún Tí Kò Dé Lódindi: Ìrántí Ìdílé Lọ́wọ́ Oníṣẹ́ Ọnà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà sọ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì nítorí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi, ẹ kú ooru, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo rí àwọn kan tó dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹní wà nílẹ̀ níbí, ẹ wá jókòó. Mo júbà àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé. Mo júbà àwọn ìyá aláró tó máa ń kọ́kọ́ kí Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Ìbà o. Kí ìbà mi ṣẹ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí oníṣẹ́ ọnà ṣe ń fi ìtàn ilé bàbá rẹ̀ àti ilé ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ilẹ̀ á sì ṣú bá wa bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀kan ni n ó dì mú. Ìrántí tí àwọn tó bí wa fi sílẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa lódindi. Ibì kan máa ń já nínú rẹ̀. Ibi tó já yẹn ni iṣẹ́ wa wà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń parọ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti parọ́ níbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èkíní: aṣọ ìyá àgbà mi

Ìyá tó bí bàbá mi fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀. Òun ni mo nà sílẹ̀ yìí. Ẹ wò ó dáadáa. Abala méjì ni wọ́n rán pọ̀, ẹ rí ojú ìrán náà láàárín. Aró rẹ̀ ti ṣí níbi tí ó máa ń gbà kan ìdí àga. Ní igun yìí, ọwọ́ ẹni tó ya á yọ̀: ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń ya á sáré kọjá ìlà. Kí ló ṣe? Ó fi ẹ̀kọ kún un, ó sọ àṣìṣe náà di ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Láfún ni wọ́n ń rò bí ẹ̀kọ, wọn á fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè di aṣọ mú. Wọn á fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ sí aṣọ funfun, wọn á sá a kí ó gbẹ. Ewé èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti mọ ní bàtàbàtà, tí wọ́n ti sá gbẹ, ni wọ́n ń rẹ sínú omi eérú títí aró á fi jinná. Wọn á wá ri aṣọ bọ inú rẹ̀, wọn á yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọn á tún ri í. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá há ẹ̀kọ kúrò, funfun á yọ.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ mi, mo gbé aṣọ yìí kọ́ sára ògiri. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìyá àgbà mi ló fi ọwọ́ ara wọn ya á, pé aláró ni wọ́n, pé láti ayé Baṣọ̀run Olúyọ̀lé ni iṣẹ́ yìí ti wà nínú ẹbí wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn. Ẹlòmíràn sunkún. Wọ́n bá mi ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin wá ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyá mi ò ki ọwọ́ bọ aró rí láyé wọn. Aláṣọ ni wọ́n. Wọ́n ra aṣọ yìí ni. Ta ló sọ èyí tí o kọ síbẹ̀ yìí fún ọ?"

Ta ló sọ ọ́ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Mo rí aṣọ, mo mọ ẹni tó ni ín, mo sì fi ohun tó wù mí dí àárín méjèèjì. Wọ́n tún nàka sí òpó tó wà lára aṣọ náà. Gbogbo ọmọ Ìbàdàn tó wà níbí ló mọ òpó yìí. Òpó Mápó ni, síbí wà láàárín wọn, iṣẹ́ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn nìyẹn. Ọdún wo ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó? Ọdún 1929. Ọdún wo ni Olúyọ̀lé papòdà? Ọdún 1847. Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé, èmi tí mo gbé e kọ́ ni mi ò gbọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà kí ó tó yé mi. Àkísà ni ibi tí aṣọ ti gbó, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ibi tí ó ti já. Èmi gbé aṣọ, mo sì ju àkísà nù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Àǹtí mi ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lágbára ju irọ́ mi lọ. Ìyá àgbà mi máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀fà, pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Àwìn ni wọ́n sábà máa ń tà. Wọn ò mọ̀wé. Èédú ni wọ́n fi ń fa ìlà sára ògiri yàrá: ìlà kan fún ṣílè kan, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ lára ògiri. Bí onígbèsè bá san owó, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà rẹ̀. Àǹtí mi ní ògiri yẹn dúdú débi pé ìgbà tí wọ́n fẹ́ kun ilé ní ọ̀dà lẹ́yìn tí ìyá kú, wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó funfun.

Ẹ gbọ́ o. Ìwé ìṣirò ìyá àgbà mi wà lábẹ́ ọ̀dà nínú ilé tí mo dàgbà sí, èmi sì ń wá ogún mi lára aṣọ tí wọ́n fi owó rà.

Ẹ̀kejì: gbólóhùn kan tó rékọjá òkun

Ẹ bá mi dé Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Oníṣẹ́ ọnà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí ní ọdún 1917, tó sì papòdà ní 2013. Orúkọ tí ìjọba mọ̀ wọ́n sí ni Deoscóredes Maximiliano dos Santos. Ẹ wá Kétu, ìlú Yorùbá tí ìdílé wọn ti ṣẹ̀, nínú orúkọ yẹn. Ẹ rí i? Ẹ ò lè rí i. Mestre Didi ni aráyé ń pè wọ́n. Ìyá wọn, Maria Bibiana do Espírito Santo, tí wọ́n mọ̀ sí Mãe Senhora, ni ìyálóríṣà ilé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: Ilê Axé Opô Afonjá. Ẹ pa ojú dé, kí ẹ kàn fi etí gbọ́ ọ. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ní 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nàsó ránṣẹ́ sí ìyá náà.

Nínú ẹbí yẹn, wọ́n ní gbólóhùn oríkì kan tí ìyá ń kọ́ ọmọ, tí ọmọ ń kọ́ ọmọ tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Aṣípa. Kò gùn. Kò ju ohun tí ènìyàn lè sọ ní èémí kan lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu wọ ọkọ̀ ẹrú kò mú aṣọ dání, kò mú ilẹ̀ dání, kò mú ojúbọ dání. Èyí ló mú dání. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí gbólóhùn náà fi wà lẹ́nu àwọn tí kò rí Kétu rí.

Ní 1967, Mestre Didi dé Kétu, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin lónìí. Ìyàwó wọn, Juana Elbein dos Santos, wà pẹ̀lú wọn, Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé, náà wà níbẹ̀. Wọ́n wọ ààfin Alákétu. Wọ́n kọ́kọ́ kọ orin tí wọ́n kọ́ nílé ní Bàhíà, ẹnu ya àwọn ará ààfin, nítorí orin ilẹ̀ wọn ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ oríkì yẹn. Ọba gbọ́ ọ, ọba sì nàka: ilé Aṣípa nìyẹn lọ́hùn-ún. Àwọn ará ilé ṣì ń gbé ibẹ̀.

Ní ọdún 1967 yẹn kan náà ni Mãe Senhora papòdà. Mo máa ń rò ó. Ìyá tó fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọmọ lọ, ọmọ sì gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

Kí ló wá kan iṣẹ́ ọnà nínú èyí? Ó kàn án púpọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe ohun èlò òrìṣà: ṣàṣàrà Ọbalúayé, ìbírí Nàná. Ẹ mọ ṣàṣàrà ọwọ̀. Igi inú ewé ọ̀pẹ ni wọ́n ń dì pọ̀, wọ́n ń fi awọ wé e, wọ́n ń to owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára. Ohun tí Baba yìí ṣe ni pé wọ́n na ṣàṣàrà yẹn sókè. Wọ́n jẹ́ kí ó ga ju ènìyàn lọ, kí ó tẹ̀ bí ejò, kí ó yọ orí bí ẹyẹ. Wọ́n gbé e dé Paris ní 1989. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn, igi inú ewé ọ̀pẹ náà ni, ìdì tí ọwọ́ àwọn tó ṣáájú di í náà ni.

Ẹ fiyè sí èyí. Gbólóhùn kan ló dé ọwọ́ wọn, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sọ níwájú ọba. Wọn ò fi ìtàn ogun sí i, wọn ò sọ ara wọn di ọmọ ọba. Ká ní wọ́n ti fi ohun tó wù wọ́n kún un, bí mo ṣe fi kún ti aṣọ ìyá àgbà mi, ṣé ẹni tó wà láàfin á mọ ilé tí yóò nàka sí? Kétu fúnra rẹ̀ sì ti tú rí. Dáhòmì kó o ní 1886, wọ́n padà tún un tẹ̀ dó. Ibi méjèèjì ló ti já, ní ìhín òkun àti ní ọ̀hún. Èyí tó kù nílé àti èyí tó kù lájò ló pàdé.

Ẹ̀kẹta: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ́ igi?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn pé, "Èmi ò ní ìṣòro yẹn, ìdílé oníṣẹ́ ọnà ni mo ti wá." Ó dára. Orúkọ yín ń jẹ́rìí: Àyàn, Ọ̀jẹ̀, Ọnà. Ẹni tó bá ń jẹ́ Àyànwálé, a ò ní bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ ń lù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ́ igi ni, àbí ọwọ́?

Ẹ wo Bàbá Làmídì Fákẹ́yẹ. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí wọn sí ní 1928, ìran karùn-ún ni wọ́n nínú ìdílé agbẹ́gilére. Wọ́n ti ń gbẹ́ igi láti kékeré lọ́dọ̀ bàbá wọn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n gba Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ, wọ́n wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: George Bándélé, ọmọ Arẹ́ògún ti Òsì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí Father Kevin Carroll ń bójú tó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ọmọ ìran karùn-ún! Ó di ọmọ iṣẹ́ nílé onílé.

Àwọn agbẹ́gilére mọ bí iṣẹ́ ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọnà lílé ló ṣáájú: kí ó fi àáké lé ọnà jáde lára igi, orí níbí, àyà níbí. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e. Dídán ló tẹ̀ lé ìyẹn. Fínfín ló kẹ́yìn, níbi tí ọ̀bẹ ti ń ya ìlà ojú àti irun. Ọ̀pọ̀ wa tó ń fi ìtàn ìdílé ṣiṣẹ́ lónìí, fínfín la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ ya ìlà ojú sí igi tí a ò tíì lé. A ò tíì mọ ọdún tí wọ́n bí bàbá bàbá wa, a ò tíì mọ iṣẹ́ tí ó ṣe, a ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn.

Mùsùlùmí ni Bàbá Fákẹ́yẹ, wọ́n sì gbẹ́ iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Àwọn ló gbẹ́ ère Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Wọ́n dákẹ́ ní Kérésìmesì 2009. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ogún ìdílé á sé ọ̀nà mọ́ yín. Ó di ìgbà tí ó bá wà ní ìka yín kí ó tó lè bá yín dé ibi tí bàbá yín ò dé.

Mo lè sọ ti Màmá Níkẹ̀ Ọ̀kúndayé, oníṣẹ́ àdìrẹ, náà, tí ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré ní Ògìdì-Ìjùmú, tí ìyá àgbà àgbà wọn sì kọ́ wọn ní aṣọ híhun àti aró. Láti 1983 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìgbowó. Ogún tó yẹ kí ó dúró nínú ẹbí kan, wọ́n pín in káàkiri. Ẹ ti mọ ìtàn yẹn, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ohun tí ilé ò fẹ́ kí a sọ

Ibí ló le jù, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi farabalẹ̀ sí.

Bí mo ṣe ń bi Àǹtí mi léèrè nípa ògiri yẹn, mo béèrè pé onígbèsè tí kò bá rí owó san ńkọ́? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n lọ bu omi wá fún wọn. Mo bu omi wá, wọ́n mu ún, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó dáhùn. Ọmọbìnrin kan wà nílé yẹn. Ìyá rẹ̀ jẹ ìyá àgbà mi ní owó aṣọ, kò rí i san, ó sì fi ọmọ dúró fún owó. Ìwọ̀fà ni. Ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe é mọ́ ní ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é. Ọmọ náà ló ń ru ẹrù aṣọ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó tó ọdún díẹ̀ kí ìlà rẹ̀ tó kúrò lára ògiri.

Ìyá àgbà mi tí mo fẹ́ràn. Ìyá àgbà mi tí mo ti sọ di aláró, tí mo ti fi wọ́n ṣe akọni lójú ayé.

Kí ni oníṣẹ́ ọnà yóò ṣe sí irú èyí? Àwọn kan á ní kí n bò ó, nítorí a kì í fi ìdí ilé han àlejò. Àwọn kan á ní kí n gbé e síta pẹ̀lú orúkọ àti fọ́tò, nítorí òtítọ́ ni. Èmi ò gba ti èkíní, n ò sì gba ti ẹ̀kejì. Ìrántí yẹn kì í ṣe tèmi nìkan. Ìdajì rẹ̀ wà nílé ẹlòmíràn. Bí mo bá gbé ìdajì tẹlòmíràn lọ pàtẹ láìtọrọ, kí ni mo fi yàtọ̀ sí ẹni tó gba ọmọ dúró fún owó?

Mo wá ẹbí ọmọbìnrin náà lọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Wọn ò jìnnà sí wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbà mí lálejò, ìyá tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣe iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá mi ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀." Mo ní mo gbọ́, Ma.

Mo ya aṣọ kan, ogún ojú ni ó ní. Ìlà ni mo fi ẹ̀kọ fà sí ojú mọ́kàndínlógún, bí Àǹtí mi ṣe júwe rẹ̀: tó nípọn lókè, tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, níbi tí èédú ti ń tán. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu àwọn kan kí ẹ̀kọ tó gbẹ. Ojú kan ni mi ò ya nǹkankan sí. Mo jẹ́ kí aró bò ó pátá.

Nígbà tí mo pàtẹ rẹ̀, ìyá náà wá, ọmọ ọmọ wọn ló di ọwọ́ wọn mú. Wọn ò wo ìyókù. Iwájú ojú kan tí mi ò ya nǹkankan sí yẹn ni wọ́n dúró sí, ó pẹ́. Mò ń retí kí wọ́n bínú, tàbí kí wọ́n sunkún. Wọ́n fi ìka ra aṣọ náà, wọ́n sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Wọ́n ní, "Aró rẹ̀ ò tíì tó. Ó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́. Tún un rẹ."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo fi ẹ̀kọ bo gbogbo ojú mọ́kàndínlógún, mo sá a, mo sì tún ri í bọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí ojú kan yẹn fi dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Mo gbé e lọ fún wọn wò nílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ó tó.

Òun ló wà nínú àpò yìí. Ìwọ tó wà níwájú níbẹ̀, jọ̀ọ́ dìde, bá mi mú igun kejì.